Ẹ Kọ́kọ́ Gé Iná: Ìtàn Iná Mànàmáná àti Àwọn Olùṣọ́ Rẹ̀

   

Ìtàn ni a fẹ́ kà lónìí. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn iná mànàmáná ni: ibi tí ó ti wá, bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bí ó ṣe ń pa ènìyàn, àti bí àwọn kan ṣe wá ọ̀nà tí a fi lè dá a lẹ́kun.

Kí ló dé tí a fi yan ìtàn yìí? Bí iná bá mú ọmọ nínú ilé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ìyá ni pé kí ó sáré gbá ọmọ náà mú. Ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n iná kò mọ ìfẹ́. Yóò gba ara ọmọ bọ́ sí ara ìyá. Níbi tí à bá ti sọ̀rọ̀ ẹnì kan, a ó máa sọ̀rọ̀ ẹni méjì.

Nítorí náà, gbólóhùn kan wà tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kọ, kí ẹ sì mọ̀ kà: ẸKỌ́KỌ́ kò tíì jẹ́ ọwọ́ nínà. Ẹ KỌ́KỌ́ GÉ INÁ. Ẹ gé iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹni tí iná mú.

Ibi tí iná wa ti wá

Ní àtijọ́, fìtílà elépo pupa àti àtùpà ni a fi ń ríran lóru. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe ìjọba Dahomey, ẹ̀rọ tí ń jo epo ni ó ń mú iná wá fún àwọn ìlú ńlá bí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Àwọn abúlé ń wo ìmọ́lẹ̀ náà láti òkèèrè.

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n mọ odi ńlá dí odò Volta ní ibi tí à ń pè ní Akosombo. Omi tí ń já bọ́ láti òkè ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń mú iná wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1966 ni Kwame Nkrumah, tí ó jẹ́ ààrẹ Gánà nígbà náà, ṣí i.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1968, Dahomey àti Tógò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, Communauté Électrique du Bénin, tí a ń pè ní CEB. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ní ọdún 1972, iná Akosombo gba inú wáyà kọjá ní Tógò, ó sì dé Kútọnu. Ọdún 1975 ni Dahomey yí orúkọ padà sí Bẹ̀nẹ̀.

Iná tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá kò ní ìdánilójú. Ní àárín ọdún 1983 sí 1984, òjò kò rọ̀ tó, omi Akosombo fà. Gánà dín iná tí ó ń fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ kù. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1998. Ní ọdún 1987, odi omi mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nangbéto, lórí odò Mono ní Tógò, ṣùgbọ́n kò tó.

Nígbà tí ó di ọdún 2007, iná gba ẹ̀bá ilé wa wọlé. Wáyà ńlá kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Ìkẹjà ní Nàìjíríà wá sí Sakété, ìlú tí ó bá wa pààlà. Agbára tí ń ti iná náà jẹ́ 330,000 fóltì. Àwọn ẹ̀rọ kan ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí SBEE tó pín in dé ilé wa ní 220 fóltì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí a bá pín 330,000 sí ọ̀nà 220, a ó rí 1,500. Agbára tí ó wà lórí wáyà ńlá yẹn jẹ́ ìlọ́po 1,500 ti inú ilé wa. Ẹlòmíràn yóò ní, “Ti ilé wa kéré nígbà náà.” Kò kéré o. 220 fóltì tó pa géńdé ọkùnrin.

Ilé aláǹtakùn

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní compteur tirẹ̀. Ní ibi púpọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ilé kan ni ó ní compteur, ilé márùn-ún tàbí mẹ́wàá a sì fa wáyà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wáyà a kọjá lórí ọgbà, lórí òrùlé, lórí igi ọparun tí a rì mọ́lẹ̀. Nítorí bí wáyà náà ṣe lọ́ mọ́ra wọn, àwọn ènìyàn ń pè é ní toile d'araignée, èyí ni ilé aláǹtakùn.

A kò bú ẹnikẹ́ni. Òpó SBEE lè jìnnà sí ilé, owó compteur sì lè wọ́n. Ọmọ fẹ́ kàwé lóru, ìyá fẹ́ kí omi tútù tí ó ń tà tutù dáadáa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ewu mẹ́ta tí ó wà níbẹ̀.

Ewu kìíní: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé ẹrù ilé mẹ́wàá. Ẹni tí a di ẹrù ènìyàn mẹ́wàá rù yóò làágùn. Wáyà tí a di ẹrù rù ju agbára rẹ̀ lọ yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, ilé yóò sì gbiná.

Ewu kejì: ọparun ń jẹrà, ìjì ń jà. Bí òpó bá ṣubú, wáyà a sùn sílẹ̀ nínú koríko tàbí nínú omi òjò. Ọmọdé kò mọ̀, ewúrẹ́ kò mọ̀.

Ewu kẹta ni ó burú jù, ṣùgbọ́n òun ni a kì í sábà rò. Ibi tí a ti lè gé iná kò sí nínú ilé rẹ. Ilé aládùúgbò ni ó wà. Bí iná bá mú ọmọ rẹ ní òru, tí aládùúgbò sì ti ti ilẹ̀kùn, ibo ni o fẹ́ sáré lọ? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú

Ààrá ti ń pa ènìyàn láti ìgbà láéláé. Ṣùgbọ́n iná tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò tíì pẹ́. Ní ọdún 1879, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, káfíńtà kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń ṣeré. Ó fara kan wáyà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 250 fóltì, ó sì kú. Nínú ìwé ìtàn, òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí irú iná bẹ́ẹ̀ pa. Ẹ wò ó: 250 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 220 tí ó wà nínú ilé wa lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá olùṣọ́ fún iná.

Olùṣọ́ kìíní ni fíúsì. Thomas Edison ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí irú tirẹ̀ ní ọdún 1890. Kí ni fíúsì? Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ojú ọ̀nà kí òun kọ́kọ́ kú. Bí iná bá pọ̀ jù, fíúsì a yọ́, ọ̀nà a gé, ilé kò sì ní jó. Nítorí náà, ẹni tí fíúsì rẹ̀ jó, tí ó wá fi wáyà nípọn tàbí irin dí ojú rẹ̀, olùṣọ́ ilé rẹ̀ ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa.

Olùṣọ́ kejì ni disjoncteur. Ní ọdún 1924, ní ilẹ̀ Jámánì, Hugo Stotz gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí ó ṣeé lò nínú ilé. Òun kì í yọ́ bí fíúsì. Ńṣe ni ó ń já wálẹ̀, a sì lè gbé e sókè padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń já léraléra, ẹ má fi ipá gbé e sókè. Ọ̀rọ̀ ni ó ń bá yín sọ. Ó ń sọ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ilé.

Ìwọ̀n tí ń pa ènìyàn

Ẹ gbọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Fíúsì àti disjoncteur lásán ń ṣọ́ wáyà. Wọn kò lè ṣọ́ ènìyàn.

Báwo ni? Ámpíà ni a fi ń wọn iye iná tí ń ṣàn nínú wáyà. Ẹ pín ámpíà kan sí ọ̀nà 1,000. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì ń gba nǹkan bí 270 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì California, Charles Dalziel, wádìí ìwọ̀n tí ènìyàn kò fi ní lè jọ̀wọ́ wáyà mọ́. Ó rí i pé, fún ọkùnrin, ó jẹ́ nǹkan bí 16 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún. Ti obìnrin kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ìdí nìyí tí ẹni tí iná mú fi ń di wáyà mú gírígírí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Iná ti di iṣan ọwọ́ rẹ̀ pa.

Gílóòbù kan ṣoṣo ń gba ju èyí lọ fíìfíì. Nítorí náà, ènìyàn lè máa kú lọ lórí wáyà, kí disjoncteur lásán má tilẹ̀ mọ̀. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan tan gílóòbù kékeré kan ni.

Olùṣọ́ kẹta ni ó yanjú èyí, ilẹ̀ Áfíríkà sì ní ipa nínú ìtàn rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ní Gúúsù Áfíríkà, iná ń pa àwọn tí ń wa góòlù nínú ilẹ̀. Henri Rubin, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe irinṣẹ́ kan tí ń gé iná kí ó tó pa ènìyàn. Ní ọdún 1961, Dalziel náà ṣe irú tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí à ń pè é ní différentiel.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọlọ́jà ń ka owó tí ó jáde, ó ń ka owó tí ó wọlé. Bí kò bá dọ́gba, ó mọ̀ pé owó ti bá ibòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni différentiel ń ka iná tí ń jáde àti èyí tí ń padà. Bí díẹ̀ bá dín, ó mọ̀ pé ó ti gba ibòmíràn lọ sínú ilẹ̀, bóyá ara ènìyàn. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ń gé e. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí 30 mA. Ìyẹn ni 30 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ámpíà. Ẹ ó tún rí bọ́tìnnì kékeré tí a kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ó bá já, ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá já, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Bí àwọn agungi-iná ṣe kọ́ wa ní ìmúsọjí

Ìtàn kan ṣẹ́kù. Láti ìparí àwọn ọdún 1920, àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní Amẹ́ríkà ń ṣàníyàn nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí iná ń pa lórí òpó. Wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ yunifásítì wádìí. Ọ̀kan nínú wọn ni William Kouwenhoven, ní Yunifásítì Johns Hopkins. Kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ iná ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí a ṣe lè jí ọkàn tí iná ti dá dúró.

Ní ọdún 1958, Guy Knickerbocker, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kíyè sí nǹkan kan. Nígbà tí ó tẹ irin ẹ̀rọ mọ́ àyà ajá tí ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́, ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn nínú ara ajá náà. Dókítà James Jude dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọdún 1960, wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé ọwọ́ ènìyàn lásán, tí ó ń tẹ àyà, lè ṣe iṣẹ́ ọkàn fún ìgbà díẹ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ó dákú ní gbogbo ayé lónìí, ọ̀ràn iná mànàmáná ni ó bí i.

Bí iná bá mú ènìyàn

1. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kígbe pe àwọn ará ilé.

2. Ẹ gé iná. Pípa gílóòbù kò tó o. Ibi disjoncteur ni kí ẹ ti gé e.

3. Bí kò bá ṣeé gé, tí ó sì jẹ́ iná inú ilé, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ. Ẹ fi igi gbígbẹ gígùn ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ má lo irin. Ẹ má lo igi tútù. Ẹ má dúró nínú omi.

4. Bí ó bá jẹ́ wáyà òpó ìta ni ó já, igi gbígbẹ kò lè gbà yín. Ẹ dúró ní ìwọ̀n mítà 10 ó kéré tán. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ pe SBEE. Bí ẹ bá ti wà nítòsí rẹ̀, ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kúrò. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀.

5. Nígbà tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, ẹ fi èkejì lé e lórí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é kíákíá, 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kí ẹlòmíràn pe àwọn panápaná ní 118.

6. Ẹ má da omi sí i lára. Ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu. Bí ó bá tilẹ̀ dìde, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Iná lè jó inú ara, kí awọ òde má fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò

Iná máa ń kìlọ̀ kí ó tó bàjẹ́ tán. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jó, bí prise bá gbóná tàbí tí ó dúdú, bí ó bá ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, bí fíríìjì bá ń ta yín lọ́wọ́, bí gbogbo gílóòbù bá mọ́lẹ̀ rékọjá tàbí tí wọ́n ṣú lójijì, bí òjò bá ń jò sórí wáyà: ẹ gé iná lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Bí wáyà bá gbiná, ẹ gé iná ná. Ẹ má da omi lé e nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà níbẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ dà lé e. Bí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe 118.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo Kpayo ní ọ̀nà Igolo, ẹ gbọ́ tiyín. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, epo gbiná ní ibi ìkó-epo-sí kan ní Sèmè-Kraké. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 30. Kì í ṣe iná mànàmáná ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí epo ṣe ń gbiná kíákíá. Ẹ má gbé epo sí yàrá tí wáyà tàbí disjoncteur wà.

A padà sórí ìbéèrè wa

Ẹ rántí ìbéèrè wa: bí iná bá mú ọmọ rẹ ní òru, ibo ni o fẹ́ sáré lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iná lọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi disjoncteur tí ó ní différentiel sí ibi tí wáyà ti wọ inú ilé yín. Ẹ kó owó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń kó owó àjọ. Kí ó tó di pé owó náà pé, ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lónìí: ta ni yóò ṣílẹ̀kùn bí a bá kígbe ní òru? Lẹ́yìn náà, ẹ mú gbogbo àgbà inú ilé, àti ọmọ tí ó ti gbọ́n, lọ síbi tí a ti ń gé iná. Kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ ìpayà, ọwọ́ yóò rántí ohun tí ó ti ṣe rí.

Láti káfíńtà Lyon dé ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà Gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú kí ayé tó mọ ohun tí ẹ kà tán yìí. Ẹ má jẹ́ kí a tún fi ọmọ wa kọ́ ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ tán.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìwé kíkà

1. Ní ọdún wo ni iná Akosombo dé Kútọnu?
2. Kí ni fíúsì ń ṣọ́? Kí ni différentiel ń ṣọ́?
3. Ní ilé yín, ibo ni a ti ń gé iná? Ta ló mọ ibẹ̀?
4. Ẹ kọ gbólóhùn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri: Ẹ kọ́kọ́ gé iná.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìjàǹbá iná.